Igi Wa àti Òrùlé Aládùúgbò

   

Ní ìpàdé wa tó kọjá, arákùnrin wa kan béèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò sí àyè láti dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí ìrun Àsárì ti wọlé. Ó ní, ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí gé igi eléso lulẹ̀? Àwọn kan dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò tọ́, pé sàráà ni igi. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni igi, ohun tó bá wù ú ni kó fi ṣe. Àwa kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé a kò ní ohun tí a fẹ́ sọ. Ohun tí a fẹ́ sọ gùn, ó sì ń tì wá lójú díẹ̀. Olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà nìyí.

Púpọ̀ nínú yín mọ ibi tí à ń gbé. Bí ènìyàn bá kúrò ní ọjà Santana, tó tẹ̀lé ọ̀nà Sapẹlẹ jáde nínú ìlú, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́nká, oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Apá ibẹ̀ náà ni Iyanomo wà, níbi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé ìwádìí rọ́bà sí. Abúlé kan lọ́nà ibẹ̀ ni a ti ra ilẹ̀ 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà 100 ní ọdún 2009. Ẹni tó tà á fún wa ti gé gbogbo igi orí rẹ̀ kí ó tó tà á, nítorí pé ilẹ̀ tó mọ́ lójú ni àwa oníbàárà máa ń fẹ́. Ọ̀sán àkọ́kọ́ tí a lò níbẹ̀ ni a mọ ohun tí à ń pè ní ilẹ̀ tó mọ́ lójú. Ilẹ̀ pupa ni, oòrùn ti yan án. Bí òjò bá rọ̀, ó di ẹrẹ̀. Bí òjò bá lọ, ó le bí àwo.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì, a mú kóró máńgòrò kan tí àwọn ọmọ jẹ sílẹ̀, a gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ ó bi wá pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. A fẹ́ kí àárín ọgbà ṣófo fún ọkọ̀ tí a kò ní, tí a kò sì tíì rà títí di òní. Igi náà kò bínú, ó dàgbà. Kò tó ọdún méje tó fi bẹ̀rẹ̀ sí so. Ilé-kéwú wa kúrò nínú yàrá, ó bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ń fi wàláà wọn ti ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà ní Santana, tí agboòrùn àti páànù jẹ́ òjìji fún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á mọ ohun tí ó jẹ́ láti délé kí ó bá òjìji ewé tí ń dúró dè é. A kì í purọ́, a fẹ́ràn igi náà.

Lẹ́yìn ògiri yẹn, ìyá kan ń gbé níbẹ̀, ọmọ bíbí abúlé náà, opó ni. Iye ni à ń pè é, bí àwọn Ẹ̀dó ṣe ń pe ìyá. Ilé ìdáná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ti ògiri wa. Nígbà tí ẹ̀ka máńgòrò bẹ̀rẹ̀ sí kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó wá bá wa. Ó ní ewé ń bọ́ sórí páànù òun, omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí òun ń gbè sínú àgbá sì ń pọ́n bí omi aró. A ní kí ó má bínú, a rán àwọn ọmọ lọ gbá orí páànù náà. Lọ́dún kejì ó tún wá. Ó ní àwọn ọmọkùnrin ń sọ òkò sí èso, òkò náà ń bọ́ sórí òrùlé òun. A bá àwọn ọmọkùnrin wí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ ewé tàbí òkò. Ó ní ẹ̀ka ńlá tó wà lókè ilé ìdáná òun máa ń dún lóru bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kí a jọ̀wọ́ bá òun gé ẹ̀ka yẹn nìkan.

Ohun tí a fi dá a lóhùn ló ń tì wá lójú. A sọ fún un pé Ànábì wa ti sọ ọ́, Bukhari àti Muslim sì gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Anas, pé bí Mùsùlùmí bá gbin igi, tí ẹyẹ tàbí ènìyàn tàbí ẹranko bá jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni Ọlọ́hun ń kọ fún un. A túmọ̀ rẹ̀ fún un ní pidgin, ó sì dùn mọ́ wa bí a ṣe túmọ̀ rẹ̀. A ní òun náà ń jẹ nínú èso yẹn, nítorí náà ṣe ni à ń ṣe sàráà fún òun. Ó dákẹ́, ó lọ sílé.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Bìní mọ̀ pé ìlú òjò ni. Omi tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 2,000 mìlímítà lọ, ó sì jìnnà sí ohun tí a bá nílé nígbà tí à ń dàgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò oṣù keje ló ń ba ilé jẹ́. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, nígbà tí ooru ti pọ̀ jọ nílẹ̀: ìjì á kọ́kọ́ jáde láti ìlà-oòrùn, omi á tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Gbogbo ọ̀sán ni ewé kò mì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí á kírun Màgáríbì, ojú ọ̀run ṣú, afẹ́fẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n já ẹrù sílẹ̀ látorí ọkọ̀ agbégilódò. Ẹ̀ka tí Iye ní kí a gé ti fà ya láti ìdí, ó sì gba àárín òrùlé ilé ìdáná rẹ̀ wọlé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò jáde níbẹ̀ ni. Ọlọ́hun ló yọ ọ́.

Iye kò pariwo. Ó gbé àtùpà wá, ó wo páànù tó ti ká kò, ó wò wá. Ó ní, “Ààfáà, ẹ kú àdúrà.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, ìtàn kan ni kò jẹ́ kí a sùn. Ó wà nínú àkójọ Abu Dawud, a ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ààfáà wa nígbà èwe, a sì ti kọ́ àwọn ọmọ tiwa pẹ̀lú. Sàhábé kan tó ń jẹ́ Samura ọmọ Jundub ní igi dàbínù nínú ọgbà ọkùnrin kan lára àwọn ará Medina, ọkùnrin náà sì ń gbé inú ọgbà yẹn pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Nígbàkígbà tí Samura bá ń wọlé lọ sí ìdí igi rẹ̀, ara kì í rọ ọkùnrin yìí. Ó ní kí Samura ta igi náà fún òun, Samura kọ̀. Ó ní kí wọ́n jọ ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òmíràn níbòmíràn, ó kọ̀. Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Ànábì náà ní kí ó tà á, ó kọ̀. Kí ó pààrọ̀ rẹ̀, ó kọ̀. Kí ó fi ta ọkùnrin náà lọ́rẹ kí ó sì gba láádá báyìí báyìí, ó tún kọ̀. Nígbà náà ni Ànábì pe Samura ní ẹni tí ń fi ìnira kan ẹlòmíràn, ó sì sọ fún onílé pé kí ó lọ hú igi náà.

Ẹ kíyè sí i. Igi dàbínù ni, igi tó níyì jù lọ nílẹ̀ Lárúbáwá, ẹni tó ni í sì ni í lóòótọ́. Ẹnu Ànábì tó sọ̀rọ̀ láádá igi gbígbìn náà ló ní kí a hú igi yìí. A ti mọ ìtàn méjèèjì sórí fún ọdún púpọ̀, a kò fi ọ̀kan wo ìkejì rí. Àwọn onímọ̀ fiqh púpọ̀ sì ti sọ ọ́ ní kedere pé bí ẹ̀ka igi ẹni bá kọjá sókè ilé aládùúgbò, tí aládùúgbò sì béèrè pé kí a mú un kúrò, dandan ni kí onígi mú un kúrò. Kò ní kí a kọ́kọ́ dúró de ìjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù ni pé hádíìsì tí a fi dá Iye lóhùn kì í ṣe irọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n tiwa ni láádá tí à ń retí, tirẹ̀ ni páànù. Ta ló ń ṣe sàráà nígbà náà, ẹni tó ń jókòó lábẹ́ òjìji ni àbí ẹni tí kò rójú sùn nítorí ẹ̀ka tí ń dún lókè orí rẹ̀? Àwọn àgbà wa ní igi tó bá máa gún ni lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Iye wo tirẹ̀ láti òkèèrè fún ọdún mẹ́ta. Àwa la di ojú, Àlùkùránì sì wà lọ́wọ́ wa.

A san owó páànù, pákó àti káfíńtà. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀ ni, ìwé yìí ìbá má gùn tó báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, pẹ̀lú ìtìjú tó ṣì ń jó wa lára, a pe àwọn oníẹ̀rọ tí ń gé igi, a ní kí wọ́n gé máńgòrò náà láti ìdí. Wọ́n gé e láàárọ̀ ọjọ́ kan. A rò pé a ti tọrọ àforíjì tó jinlẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó di ọ̀sán, Iye yọjú. Ó wo kùkùté. Ó béèrè ohun tí a kò retí: “Ààfáà, ṣé ẹ ti fẹ́ máa lọ sí ìlú yín ni?” A ní rárá o, nítorí rẹ̀ ni a ṣe gé e. Ó ní, “Ṣé mo ní kí ẹ pa á ni? Ẹ̀ka ni mo sọ.” Ó ní òun náà máa ń jókòó sí òjìji rẹ̀ bí oòrùn bá yí sí ìhà wa, pé ibẹ̀ ni òun ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ ohun tó fẹ́ fún wa ní èdè tó yé wa, a kò gbọ́. Ìgbà tí a sì fẹ́ ṣe rere fún un, a kò bi í. Ìtìjú ara wa ni a fi ẹ̀rọ gé, a kò gé ìnira rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì gé igi ńlá nínú ọgbà rẹ̀ rí, kó gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Ní àárín ọdún, omi tí ewé máa ń kọ́kọ́ gbà kí ó tó kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá ń lu ilẹ̀ ní tààrà. Ilẹ̀ wa lọ sísàlẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ Iye, àgbàrá sì bẹ̀rẹ̀ sí wa yẹ̀pẹ̀ lọ́ sí ìdí ògiri rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àtíbàbà páànù tí a ṣe fún àwọn ọmọ ilé-kéwú gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti fi aago méjì ti kéwú ọ̀sán síwájú. Igi kan péré ni o.

Ìbéèrè Iye nípa ìlú wa kò kúrò lọ́kàn wa, nítorí ó ti ní ohun tó rí. Ó rí i pé àlejò tó bá gé igi eléso ara rẹ̀ jọ ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa: mélòó nínú wa ló gbin igi sí ibi tí à ń gbé ní Bìní? A máa ń ní àjò ni a wà, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí a bá ra ilẹ̀, a ó gé ohun tó wà lórí rẹ̀, a ó fi sìmẹ́ńtì tàbí ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà wọlé, a ó sì da omi rẹ̀ síta sí ojú ọ̀nà. Omi tí a dà síta ń lọ sí ibì kan. Ilẹ̀ Bìní rọ̀, iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Bí omi bá ti rí ojú ọ̀nà kan tí kò sí gbòǹgbò, á walẹ̀ títí yóò fi di ọ̀gbun. Ẹni tó bá mọ ọ̀gbun Queen Ede mọ ohun tí à ń wí. Ó gbé ilé onílé lọ, ó sì di iṣẹ́ fún ìjọba ìpínlẹ̀ àti Báńkì Àgbáyé lábẹ́ ètò NEWMAP. A kò sọ pé àwa àlejò nìkan ló fà á. A kàn ń sọ pé omi tiwa náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà wá láti gbin igi ní ìtumọ̀, a kò fẹ́ fojú kékeré wò ó. Nílé wa lọ́hùn-ún, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí kòkó láìgba àṣẹ onílẹ̀, torí pé igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ á di ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti di tẹni tó gbìn ín. Àwọn Ẹ̀dó náà mọ ohun tí igi ń sọ. Igi tí àwa ń pè ní akòko, tí wọ́n ń pè ní ikhinmwin, òun ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ láti fi ṣe ààlà. Nítorí náà àlejò tó bá kan ń gbin igi kiri láìbéèrè lè máa dá ìjà tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti béèrè kò le. Ohun tó le fún wa ni láti gbà pé a ti ń gbé ibì kan fún 20 ọdún, 30 ọdún, kí a sì máa ṣe bí ẹni pé ibùdókọ̀ ni.

Nígbà tí àwọn sàhábé ṣí kúrò ní Mẹ́kà dé Medina, àlejò ni wọ́n, oníṣòwò sì pọ̀ nínú wọn bíi tiwa. Àwọn ará Medina ní kí Ànábì pín ọgbà dàbínù àwọn sí méjì láàárín àwọn àti àlejò. Ànábì kò gbà. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí àwọn àlejò bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọgbà, kí wọ́n jọ máa pín èso. Àwọn kan sì gba igi lọ́wọ́ wọn fún jíjẹ èso rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn ogun Khaybar, nígbà tí ọwọ́ àwọn àlejò dẹ̀, wọ́n dá igi wọ̀nyẹn padà fún àwọn tó ni wọ́n. Ní gbogbo ọdún tí igi fi wà lọ́wọ́ àlejò, ó ń tọ́jú rẹ̀. Kò ní torí pé òun yóò dá a padà kí òun jẹ́ kí ó gbẹ. Salman ará Páṣíà ńkọ́, tó jẹ́ ẹrú ní ilẹ̀ àjèjì? 300 igi dàbínù ni olówó rẹ̀ ní kí ó gbìn kí ó tó lè dòmìnira, pẹ̀lú wúrà. Àwọn sàhábé dá ọ̀dọ́ igi jọ fún un, Ànábì sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a rì wọ́n sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ olówó Salman ni igi náà wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì wà lẹ́yìn tí Salman ti lọ.

Ní ti arákùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀, ohun tí a mọ̀ ni a ó sọ. Gígé igi kò ní orúkọ kan ṣoṣo. Bí igi bá ń ni ẹlòmíràn lára, gé ibi tó ń ni ín lára, kí o sì jẹ́ kí ẹni náà fi ọwọ́ rẹ̀ hàn ọ́ níbi tí ó wà. Bí ìdí rẹ̀ bá ti jẹrà, tàbí tí ó bá ń ti ògiri, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, gé e tán, kí o sì gbin òmíràn sí ibi tó jìnnà. Bí ó bá jẹ́ torí ewé gbígbá ni, ra ìgbálẹ̀. Kí ẹni tó ní máńgòrò nítòsí ilé máa wò ó kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé: ẹ̀ka méjì tó lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́ níbi tí wọ́n ti pínyà, ibẹ̀ ló máa ń ya. Kí a tú inú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Kí a má ṣe gbin àgbọn sí ọ̀nà àbáwọlé. Igi fúrúùtù, tí wọ́n ń pè ní ẹbẹlẹbọ níbí, dára fún òjìji ṣùgbọ́n apá rẹ̀ máa ń nà gan-an, ó fẹ́ àyè.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, a lọ bá Iye. A bi í níbi tí a lè gbin igi sí tí kò fi ní ni ín lára. Ó wọ inú ọgbà wa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ògiri rẹ̀, ó rìn títí dé àárín, níbi tí ọkọ̀ ìbá ti dúró. Ó ní kí a gbìn ín síbẹ̀. A ní máńgòrò, ó ní ọsàn, torí ọsàn kì í ga púpọ̀ àti pé ọmọ-ọmọ òun fẹ́ràn rẹ̀. A gbin ọsàn. A tún to koríko àti òkúta sí ìdí ògiri rẹ̀ láti dá àgbàrá dúró, ó sì ti ń dá a dúró díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló tún béèrè pé bí a bá padà sílé lọ́jọ́ kan, tí a ta ilẹ̀ náà, ta ni yóò ni ọsàn yìí? A ní ẹni tó bá ra ilẹ̀ ni. Ó ní ẹni yẹn lè gé e. A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, a sì ń bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ jíròrò lórí rẹ̀ bóyá a lè fi igi kan ṣe wákàfù nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe wákàfù. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ lórí rẹ̀, kí ó kọ ìwé sí olóòtú. Ewúrẹ́ ti jẹ ewé ọsàn náà lẹ́ẹ̀kan, a ti fi ọ̀pá yí i ká, Iye sì ti bá wa so okùn rẹ̀.